Apá Òsì Ìyá Sàhéèdì

Lẹ́yìn Rélùwéè, Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 1987.

Sọ̀fíyátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run Ọba máa bá mi ṣọ́ ọ ní ilẹ̀ òtútù tí o wà yẹn. Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kí ìyá òyìnbó tó gbà ọ́ sílé. Ara wa le níbí. Bùọ̀dá rẹ Sàhéèdì ṣì wà ní Mowe lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́dà. Ó ń jó irin pọ̀, ó sì ń jó ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi náà ṣì ń dirun fáwọn èèyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí mi ò gbúròó rẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu rẹ, fi tákàdá òfìfo ránṣẹ́, kí n ṣáà rí ìkọ̀wé rẹ lára àpòòwé.

Ohun tó jẹ́ kí n pe Tíṣà Mùsáfírù kó wá bá mi kọ ìwé yìí ni pé ibà pọ́njú ń jà lápá Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ojú ẹni tó bá mú á pọ́n bí epo, á máa bì, àwọn mìíràn kì í sì í dìde mọ́. O mọ̀ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó háyà yàrá ládùúgbò wa, wọ́n ń lọ sílé, wọ́n ń bọ̀. Káńsù ti gbé mọ́tò tó ní gbohùngbohùn yí ìlú ká pé ní Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, kí tọmọdé tàgbà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, Sọ̀fí. O kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí ìjọba gbé ìbọn abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tó ń ta oògùn sí èèyàn lápá, dé nítorí ṣànpọ̀nná. Mo na apá, wọ́n yìn ín. Kò ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí funfun àkọ́kọ́ fi yọ sí mi níka, ó bọ́ sí ètè, ó bọ́ sí ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Bóyá abẹ́rẹ́ ló fà á, bóyá wọ́n kàn pàdé lọ́nà ni, èmi ò mọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn mọ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń fi mí kọ́ ọmọ wọn: "Ṣé ẹ rí Ìyá Sàhéèdì, abẹ́rẹ́ ìjọba ló ṣe é báyẹn."

Ọdún méjì gbáko ni kò sí obìnrin tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ìgbà tí àwọn onídìrí yòókù ń fa irun wọn tu ni wọ́n tó rántí mi, tí wọ́n ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun tó bá dára kì í béèrè àwọ̀ ọwọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè fara da irú ọdún méjì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ogbó mi yìí.

Ìwọ tí o ń kọ́ nípa ara èèyàn, ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Tètè fèsì. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ o, àyàfi fọ́tò rẹ nínú aṣọ iṣẹ́.

Èmi tí mo bí ọ,
Sàúdátù.

(Èmi Mùsáfírù tí mo di gègé mú náà kí ọ. Ìyá ní kí n má kọ ọ́ pé àwọn sunkún díẹ̀ bí àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́.)


Liverpool.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, 1987.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ẹ má bínú sí mi, ìdánwò ló gbá mi mú. Àná ni mo gba lẹ́tà yín, ìdúró ni mo sì ti kà á tán.

Ẹjọ́ yín wà lọ́wọ́ mi. Bùọ̀dá Sàhéèdì ti kọ̀wé sí mi pé funfun náà ti dé abẹ́ ojú yín láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Ẹ̀yin kò sọ. Ẹ kàn ń dárúkọ ìka àti ètè bí ẹni pé ibẹ̀ ló dúró sí. Bí mo bá wà nítòsí, ẹ ò lè fi ojú yín pa mọ́ fún mi.

Ohun tí mo rí nínú ìwé wa rèé. Irú funfun tó wà lára yín yẹn, ara ló ń bá ara jà. Ohun tó yẹ kó máa lé àrùn jáde ló yíjú sí àwọ̀ yín tó ń ba tiẹ̀ jẹ́. Kòkòrò ibà pọ́njú gan-an tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, àmọ́ tó ṣì wà láàyè, ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ìwé sì ní kí àwọn tí ara wọn bá ń bá ara rẹ̀ jà ṣọ́ra fún irú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí léwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá wá bá yín, ẹ ní ọmọ yín tó wà ní ọsibítù ìlú òyìnbó ló ní kí ẹ má gbà á.

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà náà kiri. Ẹ da omi inú agolo àti táyà ẹ̀yìnkùlé nù, kí ẹ sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní ìyá méjì, Màámi. N ò lè wà níbí kí wọ́n máa kọ̀wé sí mi pé funfun ara yín tún ti pọ̀ sí i.

Fọ́tò ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Sọ̀fí.


Liverpool.
Ọjọ́ ogún oṣù kẹwàá, 1987.

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mi ò tíì rí èsì yín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ohun tí mo kọ sí yín, ni mo bá lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa àwọ̀ ara níbi iṣẹ́ wa. Àgbàlagbà ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló rán mi láti ka ojú ìwé kan ṣoṣo kí n sì pa ìwé dé.

Ó ní irú funfun ti ara yín kò ní kí èèyàn má gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Àwọn tó ń gbé oògùn tó ń pa agbára ara mì ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn bá wí. Nítorí náà, ẹ sọ fún mi: ǹjẹ́ oògùn oníhóró kan wà tí ẹ ń gbé mì nítorí ara yín, yálà láti ọsibítù tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀? Bí kò bá sí, tí wọ́n bá sì tún padà wá, ẹ lè gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kó tó gún yín.

Mo kánjú, Màámi. Ìbẹ̀rù ló kọ lẹ́tà ìjọ́sí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í fi ṣe ìbínú, ẹ̀yin náà kúkú lẹ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yá mi kí orí tó tẹ̀lé e. Fọ́tò wà nínú àpòòwé yìí. Fìlà yẹn ò gba orí mi ni, kì í ṣe pé orí mi tóbi.

Ọmọ yín,
Sọ̀fí.


Lẹ́yìn Rélùwéè, Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1987.

Sọ̀fíyátù,

Mo kí ọ. Ìwé yìí ò ní í dùn ún kà, nítorí náà wá ibì kan jókòó.

Lẹ́tà tí o kọ ní oṣù kẹsàn-án dé ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gún abẹ́rẹ́. Ṣé o mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà ìlú òyìnbó lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó bá wa ṣàdúrà nígbà tí o ń lọ, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ká tó gbọ́ ohùn rẹ. Mo tẹ́ ẹní síta, mo ránṣẹ́ pe Tíṣà. Orí obìnrin mẹ́ta wà níwájú mi láìdì tán, àwọn mìíràn sì tún ya wá. Tíṣà ń kà á bí ó ṣe máa ń kàwé fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó dé ibi tí o ti ní abẹ́rẹ́ yìí léwu, ó gbóhùn sókè. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ti dé ìdíkọ̀ rélùwéè, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì ńlá láti London ní ikú ló wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Hàfísátù tí káńsù rán wá jókòó sílé ẹ̀kọ́ láti òwúrọ̀ títí lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rí. Mo wà nílé bí o ṣe wí. Mo rí àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sọ́jà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, inú mi sì ń dùn pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ìgbéraga ni, Sọ̀fí. Mo jẹ́wọ́.

Bùrẹ́ímọ̀, bí a ṣe ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pe ìyàwó Ṣàmsúdéènì káfíńtà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, wà nínú àwọn tí mo ń di irun fún lọ́jọ́ tí a ka lẹ́tà rẹ. Ó ti múra láti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ó ń lọ sílé wọn lápá Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún fìdáù bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́tà rẹ, ó ní, "Ó ti tán nìyẹn, ẹni tó mọ̀ ti sọ̀rọ̀." Ó lọ, ó bọ̀. Ọjọ́ kẹta tó dé ni ibà gbé e dè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń bi mí bóyá màmá òun máa dé lónìí.

Mi ò bá ọ wí. Èmi ni mo béèrè, ìfẹ́ ni o sì fi dáhùn. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé gbogbo wa ni o kọ ọ́ sí ni, àbí èmi nìkan? Bó bá jẹ́ èmi nìkan, n ó mọ ohun tí n ó ṣe. Àwọn alábẹ́rẹ́ káńsù ń padà bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Èsì rẹ ò lè dé ṣáájú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Sàúdátù.

(Sọ̀fí, Mùsáfírù nìyí. Mi ò rí oúnjẹ jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ. Àwọn òbí ń kí mi ní ojú pópó, mi ò lè gbójú sókè.)


Ìdí Iṣẹ́ Sàhéèdì Wẹ́dà, Mowe.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, 1987.

Sisí Nọ́ọ̀sì,

Báwo ni ìlú òyìnbó? Níbí, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, iná NEPA kò lọ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé n kì í kọ̀wé, ọwọ́ irin ò mọ ti gègé. Ṣùgbọ́n Màámi ò ní í ròyìn ara wọn fún ọ, bí mi ò bá sì sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́.

Mo wá sí Ìfọ̀ ní Fúráidé láti wò wọ́n. Mi ò bá wọn nílé. Wọ́n ti lọ bá Nọ́ọ̀sì Hàfísátù, wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ ara wọn kalẹ̀ fún un, láti orí ìbọn ayé ìjọ́sí títí dórí èyí tó yọ lábẹ́ ojú. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń gbé mì. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí àwọn ti da gbogbo rẹ̀ sí ṣálángá. Nọ́ọ̀sì ò dá a ṣe, ó lọ bá dókítà l'Abẹ́òkúta, dókítà ní kí wọ́n gbà á bí wọ́n bá fẹ́. Wò ó, Sọ̀fí, obìnrin tí kò ka ìwé mẹ́fà lọ béèrè ohun tí ìwọ tí o wà nínú ìwé ò béèrè. Mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, má sunkún.

Mo sọ fún wọn lálẹ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní, "Màámi, àdúgbò yìí ò tíì tọrọ àforíjì ọdún méjì tí wọ́n fi sá fún yín. Kí lẹ jẹ wọ́n?" Wọ́n ní kí n lọ wẹ̀, òórùn kábáàdì ibi iṣẹ́ wà lára mi.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, wọ́n gbé àpótí ìjókòó tí wọ́n fi ń dirun lérí, ó di ilé ẹ̀kọ́. Èèyàn pọ̀ níwájú ọgbà, wọn ò wọlé, wọ́n ń wòran ni. Màámi gbé àpótí kalẹ̀ láàárín wọn, wọ́n gun orí rẹ̀. O mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba.

Wọ́n ní: "Lẹ́tà tí ẹ gbọ́, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ló ń ba ọmọ mi, kì í ṣe tiyín. Ara tèmi yìí ló bi mí kí n béèrè, ara tiyín ò bi yín ní nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí Tíṣà kà á síta, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ mi gbọ́n. Ẹ̀bi Bùrẹ́ímọ̀, kí wọ́n má wá a lọ́dọ̀ Tíṣà, kí wọ́n má wá a lọ́dọ̀ Sọ̀fí. Ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ká apá bùbá òsì dé èjìká. Ìwọ àti èmi tí wọ́n bí, ìgbà wo la rí apá Màámi ní gbangba? Pẹ̀lú ooru yìí, apá gígùn ni wọ́n ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Gbogbo Ìfọ̀ ló rí i, dúdú àti funfun rẹ̀. Wọ́n nà án fún Hàfísátù. Mo ń wo ojú wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, Sọ̀fí. Wọn ò fa apá sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó síbẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣubú lè wá wò ó. Irínwó èèyàn ó lé ni Hàfísátù kà. Tíṣà Mùsáfírù ló ṣìkejì. Èmi ló gbẹ̀yìn pátápátá, abẹ́rẹ́ ń bà mí lẹ́rù ju iná lọ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn wò mí, mo bọ́ṣọ.

Òní yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Ìfọ̀ pé lẹ́tà rẹ tó ní kò séwu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ti ṣe é láìsí ọ̀rọ̀ rẹ.

Mo gbà fún ìyá wa.

Sàhéèdì.


Liverpool.
Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, 1987.

Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ dípò ìkúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ti ya ọkùnrin. Lẹ́tà yín àti ti Bùọ̀dá Sàhéèdì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Tiyín ni mo kọ́kọ́ já.

Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ṣàmsúdéènì. Mo ti kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá yóò fẹ́ kà á. Báwo ni Bùrẹ́ímọ̀? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi bí ẹ ṣe fi ti abẹ́ ojú pa mọ́. Gbogbo òru ni mo ń rí ọmọ tó ń béèrè ìyá rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa níbí pé ká má sọ ohun tí a kò tíì wádìí fún aláìsàn, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ìyá mi ni mo wá ṣẹ̀ ẹ́ sí.

Nígbà tí mo ka ti Bùọ̀dá, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún títí ìyá onílé fi gbé tíì fún mi. Ó ní ṣé èèyàn kú ni. Mo ní rárá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyá mi ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, Màámi, bùbá alápá gígùn yẹn ni mo sì rò pé ó jẹ́ ti ẹ̀sìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yín rí i, ẹ wá ká a fún ìlú nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ti bàjẹ́. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ yín kiri wọ́ọ̀dù bí ẹni tó jẹ oyè. Kò sí àgbà nọ́ọ̀sì níbí tí mo bọ̀wọ̀ fún tó yín.

Báwo ni apá náà? Ṣé ó wú? Ṣé ibà díẹ̀ wá? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín tó fi yín yangàn,
Sọ̀fí.


Lẹ́yìn Rélùwéè, Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹta oṣù kìíní, 1988.

Sọ̀fí mi,

A kú ọdún, a kú ìyè. Bùrẹ́ímọ̀ ti dé láti Abẹ́òkúta. Ó gbẹ, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú kó tó lè rìn, ṣùgbọ́n ó dé. Ọmọ rẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti rí tirẹ̀. Ṣàmsúdéènì gba lẹ́tà rẹ. Ó gbé òòlù, ó fi ìṣó kan ìjókòó mi tó ti ń mì láti ọdún mélòó kan dáadáa. Bí àwọn káfíńtà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

O ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Apá náà wú fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ń wẹ̀ tí mo rí i. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé gan-an ti funfun, kò tíì tó kọ́bọ̀.

Kò sẹ́ni tó tíì rí i àfi Tíṣà tó ń kọ ìwé yìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ń gún àwọn ará abúlé tó yí wa ká àti àwọn ọmọ tó kù. Àwọn tó wà níbi ti oṣù kọkànlá ti sọ fún wọn nípa mi, wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà. Tíṣà ní kí n wọ apá gígùn, kí n rẹ́rìn-ín, kí n dákẹ́. Ó ní bí wọ́n bá rí èyí, gbogbo ohun tí a ṣe ti bàjẹ́. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí ìwé yìí bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ, Sátidé náà á ti lọ.

Ìyá rẹ,
Sàúdátù.


Liverpool.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, 1988.

Màámi,

Ẹ kú ọdún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí Bùrẹ́ímọ̀. Mo sáré béèrè lọ́dọ̀ dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn kí n tó mú gègé, ẹ rí i pé mo ti gbọ́n. Ó ní kì í ṣe ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ ló ṣe é, ojú ọgbẹ́ ni. Lára irú yín, ẹ̀gún lè ṣe é, ọ̀bẹ lè ṣe é, bàtà tó há lè ṣe é. Mo sunkún lórí rẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n sunkún.

Tíṣà ni mo fara mọ́. Ẹ bo apá yín. Ẹ ti ṣe tó. Mo mọ̀ pé Sátidé ti kọjá, mo sì mọ ìyá mi, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ẹ tètè kọ̀wé, mi ò sùn.

Sọ̀fí.


Lẹ́yìn Rélùwéè, Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, 1988.

Sọ̀fíyátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí dókítà rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní ó ṣeun. Sùn o.

Ní Sátidé náà, mo wọ bùbá alápá kúkúrú. Mo yá a lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀ ni, n kò ní irú rẹ̀, ó sì há mi láyà. Nígbà tí àwọn obìnrin abúlé dé, mo pè wọ́n jókòó, mo fi ojú abẹ́rẹ́ hàn wọ́n. Mo ní, "Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ wo ohun tó ṣe fún mi. Ara tèmi ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò lè ṣe tiyín, mo sì gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Tíṣà bojú. Obìnrin kan tó pọn ọmọ dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó kọrí sílé. N kò pè é. Mo ti fi lẹ́tà dá ẹsẹ̀ wọn dúró lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní í fi apá bùbá gígùn tàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Bùrẹ́ímọ̀ jókòó tì mí, kò tíì lè dúró pẹ́. Ohùn rẹ̀ ò lọ òkè, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá Sàhéèdì, ká ní ẹ ti mọ̀ pé ó máa rí báyìí, ṣé ẹ máa gbà á?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

N kò sọ èyí fún ọ rí, n kò sọ ọ́ fún bùọ̀dá rẹ. Ohun tí dókítà rẹ kà nínú ìwé, ogún ọdún ni mo ti fi ń rí i lára mi. Orúnkún tí mo fi ṣubú lójú irin rélùwéè funfun. Ibi tí ìlàrun ti họ mí lọ́wọ́ funfun. Gbogbo ibi tí nǹkan bá ti gún mi, ibẹ̀ ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo na apá fún Hàfísátù, n kò bẹ̀rù pé bóyá á funfun. Mo mọ̀ pé á funfun. Mo kàn wo ara mi láàárọ̀, mo mú ibi tí n ó fún un.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn nìyẹn, n kò fi nǹkan kún un. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin tó kọrí sílé ti dúró ní ẹnu géètì. Ó tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e wá bá mi, ó ní kí n bá òun dì í mú, òun ò lè wò ó.

Mo dì í mú, wọ́n sì gún un. Ó sunkún, ó sì dákẹ́.

Ìyá rẹ ni mí,
Sàúdátù.